Àkùkọ Tó Ń Kọ Láti Tàmálè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, etí ni mo fi jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi ọwọ́ ránṣọ, àwọn kan fi ẹsẹ̀ kiri ọjà, àwọn mìíràn fi ẹnu kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Èmi jókòó, mo tẹ́tí sílẹ̀. Rédíò ni mo ń tún ṣe láti ìgbà ọmọge mi títí ojú mi fi kọ̀ láti rí ìdí iṣẹ́, ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ṣálẹ́ńjì. Màmá Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà kò bí mi nínú.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì fẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n èmi tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ ni mò ń lọ. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ pé ohùn kan nínú dùùrù ti wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá Akínlàbí, tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, tó sì ń bá wa kọrin, gbọ́ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n lọ bá bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹ fún mi ní ọmọ yìí. Irú etí yìí kò yẹ kó ṣòfò." Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má bi mí iye tí wọ́n san, mo ti gbàgbé, kò sì pọ̀.

Ọ̀gá mi ti lọ sí ogun Hítílà. Bóma ni wọ́n gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ Mọ́ọ̀sì, èyíinì ni kí ènìyàn máa fi ohùn kúkurú àti ohùn gígùn ránṣẹ́ gba ojú ọ̀run, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn mú owó bọ̀ láti ogun náà. Ọ̀gá mi mú etí bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í kọ́kọ́ fún un ní irin tí a fi ń lẹ òjé. Wọ́n á ní kó dijú, wọ́n á ju nǹkan sórí sìmẹ́ńtì.

"Kí ni?"

"Tọ́rọ́ ni, sà."

Wọ́n á tún jù ú. "Kí ni?"

"Háà, sísì ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Rédíò kì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tí kò gbọ́."

Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi ń gbọ́ tọ́rọ́, sísì, ìṣó àti ìdérí ìgò, n kò fọwọ́ kan rédíò kankan. Ìyá mi bi mí pé ṣé iṣẹ́ rédíò ni mò ń kọ́ ni, àbí bí a ṣe ń mọ owó tó wà lápò ẹlòmíràn. Nígbà tí mo wá dé ìdí rédíò, òfin tún bẹ̀rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà nídìí iṣẹ́, nítorí ẹnu tó ń rún ẹ̀pà, etí ló ń di. A kò gbọ́dọ̀ gbé ohùn rédíò sókè. "Bí o bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, ariwo lo gbé sókè," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó bá rú òfin yẹn, ìka wọn kì í jìnnà sí etí rẹ̀.

Lẹ́tà Mọ́ọ̀sì kò wọ̀ mí lórí rárá. Ọ̀gá mi ní bákan náà ló ṣe àwọn ní Bóma, títí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n gbọ́ lẹ́tà R, kúkurú, gígùn, kúkurú: ẹ, káà, bọ̀. "Ẹ káàbọ̀." Lẹ́tà yẹn náà ni àwọn oníṣẹ́ wa fi ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ yín ti dé ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n gbọ́ V, kúkurú mẹ́ta àti gígùn kan: mo, ń, bọ̀, ooo. "Mo ń bọ̀ o." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ wọ́n, bóyá ni màá sì gbàgbé wọn kí wọ́n tó sin mí.

Ẹnì kejì tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà ni Bọ̀dá Délé. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ó sì jù mí lọ, nítorí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. N kò pè é ní "ìwọ" rí. Bí ẹ bá rí i pé mò ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú, mo ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Ọmọ Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Tàmálè nílẹ̀ Gánà ni bàbá rẹ̀ ti ń ta àlùbọ́sà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ẹ̀rín ba àwàdà tirẹ̀ jẹ́ kó tó parí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí n kò sọ ọ́ nígbà náà.

Òyìnbó kan ń gbé ní Bódìjà láyé ìgbà yẹn, olùkọ́ ni, ó ń wádìí bí ojú ọ̀run ṣe ń gbé ohùn rédíò láti ìlú kan dé òmíràn. Ó gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá mi pé kí a máa bá òun tẹ́tí sí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan. Àwọn tó fẹ́ràn rédíò bí ẹní fẹ́ràn ayò ló ń gbé wọn kalẹ̀ sílé ara wọn káàkiri ayé. Agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ju ti iná tọ́ọ̀ṣì lọ. Kò ní ìròyìn, kò ní orin, lẹ́tà díẹ̀ ló ń tún sọ ṣáá, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè mọ̀ pé ọ̀nà ojú ọ̀run là lọ́jọ́ náà. Bíkìn ni òyìnbó ń pè é. Ọ̀gá mi ń pè é ní àkùkọ, nítorí ó ń kọ láìbéèrè ẹni tó ń gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń kọ tirẹ̀. Bí a bá pẹ́ dé ìdí iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ní, "Àkùkọ kọ, ọ̀lẹ pòṣé."

Lọ́jọ́ kan òyìnbó yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ rí Bọ̀dá Délé. Bọ̀dá Délé kí i, ó sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń bọ̀, ló bá gba ọ̀nà Ṣàngó lọ jíṣẹ́ tí ọ̀gá rán an. Òyìnbó jókòó. Oòrùn kan àtàrí, ó ṣì jókòó, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó bi ọ̀gá mi pé, "Ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń lọ. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Èmi ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òkú ló ń lọ. Alààyè ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, a ó bá a gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́." Òyìnbó mi orí, ó dìde, ó lọ sílé rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Bọ̀dá Délé dé, èmi ni mo sì bá a gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́.

Dùgbẹ̀ kò ṣeé tẹ́tí sí àkùkọ. Waya iná, ọkọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo wọn ló ń da ariwo sínú rédíò. Àgbọ́wó la máa ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àgbọ́wó òde òní, tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ forí korí níbẹ̀, ẹ kò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní oko ẹ̀gẹ́ àti àpáta la ń bá pàdé. Bọ̀dá Délé á wa kẹ̀kẹ́, èmi á wà lẹ́yìn, rédíò àfọwọ́gbé méjì á wà nínú agbọ̀n lórí itan mi. A ó ta waya láti igi kan dé ìkejì, a ó jókòó.

Rédíò méjì kì í ṣe fáàrí o. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, àkùkọ kì í hàn, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí lásán ló máa ń dún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé rédíò kejì tì í, tí ẹ ń yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìmí yẹn á di fèrè. Ìkejì kì í sọ ohunkóhun fúnra rẹ̀, òun ló kàn ń jẹ́ ká gbọ́ èkíní. Èmi á máa yí ọ̀kan, Bọ̀dá Délé á máa yí ìkejì. Ẹni tó bá yí tirẹ̀ jù, fèrè á sọnù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó níbi ìgbéyàwó púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí ìjókòó tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ láti Tàmálè pé ara bàbá rẹ̀ kò yá, kó wá bójú tó ọjà. Kó tó lọ, ó kan àkùkọ tirẹ̀. Ó mú ìdérí agolo, ó gé eyín sí etí rẹ̀ yíká, kúkurú mẹ́ta, gígùn kan, kúkurú mẹ́ta, gígùn kan. Ẹ̀rọ aago ni yóò máa yí i, bí eyín bá sì ti ń kan irin, ẹ̀rọ á kọ. Ó dán an wò lórí tábìlì.

"Mojí, o gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bọ̀dá. Ó ń sọ pé òun ń bọ̀."

"Tí mo bá dé Tàmálè, tí mo gba ìwé àṣẹ, màá gbé e kalẹ̀. Máa wá mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Mo ní, "Ẹ ó máa sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀, ẹ ó sì jókòó síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá gbéra, èmi fúnra mi ni màá pa á. Ìgbà tí o kò bá gbọ́ mi mọ́, mo wà lọ́nà nìyẹn. Má sunkún o."

Ó fi rédíò tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí tèmi má baà dá wà. Ní gáréèjì Ṣàngó, ó wọ ọkọ̀ Ṣakí, ó yọrí lójú fèrèsé. "Mo ń bọ̀ o," ló wí. Èmi náà dáhùn bí gbogbo Yorùbá ṣe ń dáhùn pé kó tètè dé.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Mo ti ń rò pé Tàmálè ti jìnnà jù fún ìdérí agolo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì pọ̀ ní Àgbọ́wó, ó dún, ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Mo ń bọ̀ o. Mo ń bọ̀ o. Omi dà lójú mi, ọwọ́ mi kò sì lè kúrò lára rédíò méjèèjì kí n nù ún.

Ó ń kọ lẹ́tà sí mi náà, bẹ́ẹ̀ ni. Iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà ló máa ń kún inú rẹ̀. Èmi náà á fún un ní ìròyìn rédíò tí a tún ṣe. Àwọn oníṣẹ́ rédíò kò mọ lẹ́tà ìfẹ́ kọ, àkùkọ ló ń bá wa sọ èyí tó kù. Ìyá mi kò rí ti àkùkọ rò. Wọ́n bi mí pé, "Mojísọ́lá, ta lò ń retí gan-an?" Mo ní ẹnì kan tó ní òun ń bọ̀. Wọ́n ní, "Níbo ló dé?" Mo ní ó ṣì ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ìyá mi káwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Ẹ wá gbà mí, rédíò lọmọ mi ń fẹ́."

Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ tí a fi ń fọhùn ránṣẹ́ nílé wọn ní Ṣàngó, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Bí mo bá tẹ R síbẹ̀, Tàmálè á gbọ́ "ẹ káàbọ̀" mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí o bá gba ìdáǹdè, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́." Mo ní kí wọ́n kúkú bá mi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe alárinà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń bá ìyàwó wọn gbálẹ̀, mo dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Mo na ìka mi. Mo fà á padà, nítorí wọ́n ti kọ́ mi dáadáa.

Kò pẹ́ sí i, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ jáde pé kí ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé e wá. Ọ̀gá mi fi aṣọ funfun dì í, wọ́n fúnra wọn gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdáǹdè mi ku oṣù díẹ̀. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìgbà yẹn ni orúkọ náà tó yé mi. Ó ń sọ, mò ń gbọ́, n kò lè fèsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kábàámọ̀ àìgbọ́ràn ìgbà èwe wọn. Ní tèmi, ìgbọ́ràn ló ń dùn mí.

Nígbà tí àwọn ọdún ọgọ́ta ń kógbá sílé, tí bàbá Bọ̀dá Délé ti kú, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo gbé rédíò méjì mi, ó di Àgbọ́wó. Àkùkọ ń kọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún ń kọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ohùn tí mo ti ń fẹ́ràn láti ọjọ́ yìí. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lórí àpáta pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ máa bọ̀." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yí rédíò débẹ̀, fèrè kò sí. Ìmí ojú ọ̀run nìkan ló kù. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, kò sí. Èmi nìkan ni mo jó lórí àpáta yẹn, àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ yà fún mi.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi. "Sà, ó ti dákẹ́."

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tó bá dákẹ́, ó bàjẹ́ ni. Bátìrì rẹ̀ ló kú."

"Rárá, sà. Ó wà lọ́nà."

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo bá wọn tí wọ́n ń nu àga Bọ̀dá Délé, àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé láti ìgbà tó ti lọ.

Mo ń lọ sí gáréèjì Ṣàngó lójoojúmọ́. Ọkọ̀ Ṣakí ń kó wọn dé, tẹrù tọmọ, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, eruku lójú. Mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Múrí, tó ń ta aṣọ ní Tàmálè, ló dáhùn. Ó ní, "Délé, ọmọ Bàbá Alálùbọ́sà? Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀. Ojú mi ló ṣe pa ẹ̀rọ kan nínú yàrá rẹ̀. Mo ní kó ṣe kíá. Ó ní kí n ní sùúrù, pé ẹnì kan wà n'Íbàdàn tó máa mọ̀ pé òun ti gbéra. Mo rò pé ìdààmú ti dé orí rẹ̀ ni."

"Ibo ló wà, Mà?"

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ẹnubodè Dàhómì, omi tán nínú ẹ́ńjìnnì. Òun ló gba kẹ́ẹ̀gì, ó ní òun rí odò kan lẹ́yìn. Ó ní, 'Ẹ dúró dè mí, mo ń bọ̀ o.' A dúró, ọmọ mi. Awakọ̀ fun fèrè títí. Ọkùnrin méjì padà lọ wò ó. Wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì létí odò, omi kún un. Wọn kò bá òun."

Ohun tí a mọ̀ náà nìyẹn títí dòní. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá a. Ọ̀gá mi ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ dé ẹnubodè yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti ń wú, wọ́n bọ̀ láìrí i. Mo ń retí kí wọ́n sọ fún mi pé ó ti lọ. Wọn kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti dé, wọ́n á bu ti ẹnì kan sọ́tọ̀, wọ́n á fi àwo bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó gbé e fún ẹni tí ebi ń pa ní òpópónà.

Mo lọ́kọ nígbẹ̀yìn. Tíṣà ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un kó tó mú mi lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní, "Tó bá wá dé ńkọ́?" Mo ní màá kí i káàbọ̀ ni. Ó rò ó, ó ní ìyẹn kò burú. Ó ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. A tọ́ ọmọ, a kọ́lé, mo gba ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ ní Ṣálẹ́ńjì. Fáàfù inú rédíò àtijọ́, tó ń pọ́n bí ẹyin iná, kógbá lọ, tíránsísítọ̀ tí kò ju hóró àgbàdo lọ gba ipò rẹ̀, òun náà tún kéré títí ojú mi kò fi rí i mọ́. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ṣùgbọ́n owó ti di bébà. Ẹ ju bébà sórí sìmẹ́ńtì, kí lẹ fẹ́ gbọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ẹ yàn án dáadáa, nítorí yóò kọ́ yín ní ohun tí ẹ kò bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ yín. Tèmi kọ́ mi láti dúró. Ẹlòmíràn tó ń yí rédíò, ohùn ló ń wá. Èmi, ìdákẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé rédíò méjèèjì sí ẹ̀yìnkùlé, tèmi àti tirẹ̀, màá yí wọn dé ibi tí Tàmálè máa ń wà. Bí mo bá gbọ́ àkùkọ yẹn lónìí, ẹ̀rù ni yóò bà mí, torí á jẹ́ pé kò tíì gbéra. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ lánàá, ó dákẹ́ lónìí. Ó ní bí òun bá dákẹ́, òun wà lọ́nà, kò sì parọ́ fún mi rí. N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi dáhùn, ìka mi ló kàn máa ń lu ẹ̀yìn rédíò rẹ̀ jẹ́jẹ́, kúkurú, gígùn, kúkurú. Ẹ káàbọ̀.